Línkì Inú Kọ̀ǹpútà Ọkọ Mi

Oní-fọ́tò ni ọkọ mi. Ọmọ Ùsì ni, ṣùgbọ́n Ìkọ̀lé ló ti kọ́ṣẹ́, Ìkọ̀lé náà ló sì ti rí mi fẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì tó lọ sí Ọyẹ́, yàrá kan ṣoṣo tó fi kọ́tìnì pín sí méjì. Iwájú ni àwọn oníbàárà ń jókòó sí. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni àga ìyafọ́tò wà, pẹ̀lú iná ńlá méjì àti aṣọ fífẹ̀ kan tí wọ́n ya òdòdó sí. Tíṣà ni mí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú. Tí a bá ti jáde, màá gba ṣọ́ọ̀bù lọ, màá jókòó níwájú, màá máa máàkì ìwé àwọn ọmọ títí a ó fi jọ lọ sílé.

Nígbà tí a fẹ́ra, fíìmù ló ń lò. Tó bá yà á tán, á gbé e lọ sí Adó lọ fọ̀. Ọmọ wa àkọ́kọ́ ti wọ iléèwé kó tó ra kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù, tó sì ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tì í. Ó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà náà gan-an. Aṣọ funfun kan wà tó fi ń nu eruku ara rẹ̀ láàárọ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi aṣọ náà nu nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìdààmú fi dé. Àwọn èèyàn á gbé fọ́tò wá fún un nínú fíláàṣì, fáírọ́ọ̀sì á bá a wọlé, fáìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Nígbà kan, gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó ìdílé kan ló bá a lọ. Ó lọ bẹ̀ wọ́n, ó padà wálé, kò lè jẹun.

Àgùnbánirọ̀ kan ń gbé lọ́dọ̀ wa lọ́dún yẹn, ọmọbìnrin kan láti ìhà Ọ̀yọ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò. Òun ló sọ fún ọkọ mi pé, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n fi Línúsì, ètò ìṣiṣẹ́ mìíràn, sí kọ̀ǹpútà yín. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń gbé wá fún yín kò ní rí nǹkan kan ṣe sí i.” Ó fi í sí i lóòótọ́, ara sì tu ọkọ mi.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà náà kún. Ọkọ mi wá ra hádì dísìkì kan tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ọn láti ìta, àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan tí kò ju ìwé àdúrà lọ. Àgùnbánirọ̀ yẹn kó gbogbo fọ́tò kúrò nínú kọ̀ǹpútà, ó kó wọn sínú àpótí náà. Àmọ́ ó mọ̀ pé tí ọkọ mi bá ṣí kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí kò rí àwọn fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti mọ̀ wọ́n, ìpayà á bá a. Ó wá ṣe ohun kan tó pè ní línkì sípò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Orúkọ fọ́tò kọ̀ọ̀kan ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Tí ọkọ mi bá tẹ orúkọ náà, fọ́tò á jáde bó ṣe ń jáde láti ọjọ́ yìí wá. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ṣe é fúnra rẹ̀ fún àwọn fọ́tò tuntun. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, línkì, lẹ́nu wọn. N kò bi wọ́n ní ohun tó jẹ́. Ìwé ọmọ wà níwájú mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi á yọ àpótí náà, á gbé e sínú báàgì rẹ̀, nítorí àwọn olè ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù nígbà náà. Gbogbo ibi tó bá ń lọ ló ń gbé e lọ, títí kan Ùsì. Mo rò pé ẹ̀dà ni, pé ó fẹ́ kí fọ́tò wà níbi méjì. Ṣebí ojú kọ̀ǹpútà ni mo ti ń rí wọn lójoojúmọ́.

Àìsàn tó pa á kò pẹ́ rárá. Ó ti ń sọ pé orí ń fọ́ òun láti bí ọjọ́ mélòó kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣubú níwájú oníbàárà nígbà tó ń gbé iná ńlá sí apá kejì. Àwọn ará ìsọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹnì kan kó àwọn nǹkan rẹ̀ tó wà lórí tábìlì sínú báàgì fún mi, ẹlòmíràn fa wáyà iná kọ̀ǹpútà yọ, wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ùsì la sin ín sí.

Àwọn ẹbí rẹ̀ kò ṣe mí níkà, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá sí Ìkọ̀lé láti wo ẹrù rẹ̀, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù àti gbogbo irinṣẹ́ inú rẹ̀ di tèmi àti tàwọn ọmọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kàn mú nǹkan díẹ̀ tí yóò fi máa rántí rẹ̀. Ẹnì kan mú fìlà, ẹnì kan mú rédíò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ló kẹ́yìn. Àgbẹ̀ ni wọ́n, àwọn ló rán ọkọ mi ní iléèwé nígbà tí bàbá wọn kú. A kó aṣọ síwájú wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n sún mọ́ báàgì ọkọ mi, wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n sì yọ àpótí dúdú yẹn.

“Èyí ni mo fẹ́,” wọ́n ní. “Kò sígbà tó wá sí Ùsì tí kò gbé e dání.”

Mo ní kò burú, kí wọ́n mú un.

Ó ṣe díẹ̀ kí n tó lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé wá ni obìnrin kan láti Ọyẹ́. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ó ní ọkọ mi ló ya fọ́tò màmá náà níbi ìdúpẹ́ ọdún tó kọjá, pé òun fẹ́ kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá fún ìsìnkú. Nígbà tí mo sọ fún un pé ọkọ mi ti kú, ó jókòó, ó kí mi dáadáa. Mo wá tan jẹnẹrétọ̀, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Mo rí orúkọ fọ́tò náà kíákíá, nítorí ọkọ mi máa ń fi ìlú àti ipò èèyàn sọ fọ́tò lórúkọ. Mama_oye. Mo tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní kò sí fáìlì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo tún un tẹ̀. Mo tẹ orúkọ mìíràn, mo tẹ òmíràn. Gbogbo orúkọ ló pé síbẹ̀, ti ìgbéyàwó, ti ìkómọ, ti àwọn ọmọ tó gboyè, kò sì sí ọ̀kan tó ṣí. Obìnrin náà rí ojú mi. Ó ní kí n má dààmú, pé òun á wá fọ́tò kékeré kan lò. Nígbà tó lọ tán, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi, mo sunkún. N kò sunkún tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ọkọ mi. Iṣẹ́ tó ṣe láyé, lójú mi, ló tún kú tẹ̀ lé e yẹn.

Mo pe ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá láti Adó. Ó jókòó sí i, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, “Màdáámù, orúkọ lásán ló kù síbí. Kò sí fọ́tò nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká nu gbogbo rẹ̀ dànù, kí n fi nǹkan tuntun sí i fún yín.” N kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ẹni tó tò ó sọ̀rọ̀.

Fóònù alágbèéká ti wọ Ìkọ̀lé nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ igi máńgòrò ni ohùn ti máa ń já geere. Àgùnbánirọ̀ wa ti parí, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Kò tíì gbọ́ pé Bọ̀ọ̀dá kú. Mo sọ fún un, ó sì bá mi kẹ́dùn. Ó wá ní kí n wọlé lọ sídìí kọ̀ǹpútà, kí n sì máa gbé ohùn sókè. Ó darí mi sí ojú ewé dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún mi, èmi náà ń tẹ̀ ẹ́. Orúkọ àwọn fọ́tò tò wá sílẹ̀, gbogbo wọn pupa.

“Ẹ ka ìlà kan fún mi, Àǹtí. Lẹ́tà wo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?”

“L kékeré.”

“Ó dáa. Lẹ́yìn orúkọ fọ́tò ńkọ́?”

“Ó fa ìlà kékeré kan bí ọfà. Lẹ́yìn ọfà, ó kọ /media/disk/foto, ó wá tún orúkọ fọ́tò kọ.”

“Línkì nìyẹn,” ó ní. “Àǹtí, kì í ṣe fọ́tò ló wà lójú kọ̀ǹpútà yẹn. Ibi tí fọ́tò wà ni mo kọ síbẹ̀. Tí ẹ bá tẹ orúkọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà á ka ọ̀nà tó wà lẹ́yìn ọfà yẹn, á sì gba ọ̀nà náà lọ mú fọ́tò wá. Inú àpótí dúdú Bọ̀ọ̀dá ni fọ́tò wà. Ṣé ẹ so ó mọ́ ọn?”

Mo sọ ibi tí àpótí náà wà fún un.

“Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà dé ibẹ̀, kò bá nǹkan kan.”

Mo bi í bóyá àwọn fọ́tò náà ṣì wà láàyè. Ó ní tí nǹkan kan kò bá ti ṣe àpótí, wọ́n wà. Mo tún bi í pé ká ní ọkùnrin Adó yẹn ti nu àwọn orúkọ náà dànù ńkọ́. Ó ní tí èèyàn bá pa línkì rẹ́, kò kan fọ́tò, ọ̀nà rẹ̀ nìkan ló pa rẹ́. “Àmọ́ ẹ má pa wọ́n rẹ́. Tí àpótí bá padà dé, tó sì jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ló máa ṣí. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ó lọ síbì kan.”

Ní Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọyẹ́, mo gba Ìfàkì àti Ìdó dé Ùsì. Otútù ọyẹ́ ti mú gan-an lásìkò náà, eruku sì bo ewé igi lójú ọ̀nà. Mo bá Ẹ̀gbọ́n níwájú ilé, wọ́n ń so èèbù iṣu. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n béèrè àwọn ọmọ. Mo wá sọ ohun tó gbé mi wá.

Wọ́n wọlé, wọ́n gbé àpótí náà jáde láti inú àpò kóòtù kan tó ti gbó. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

“Ùyàwó, níbo ni fọ́tò fẹ́ gbà wọ inú èyí?” Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Ùsì ni wọ́n ń sọ ọ́.

“Ó wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo uṣẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.”

“Àbí ẹnì kan ló fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ?”

“Rárá o, Ẹ̀gbọ́n.”

Wọ́n fi ọwọ́ nu àpótí náà. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “N kò lè wọ aṣọ àbúrò mi. Ẹni tí mo gbé pọ̀n. Èyí tí mo mú, mo kàn ń gbé e sọ́wọ́ láàárọ̀ kí n tó lọ oko ni. Ukú yẹn kò jẹ́ kí n bá a sọ nǹkan kan.”

N kò lè béèrè rẹ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n fi í sọ́wọ́, mi ò ní gbà á. Mo kàn sọ pé tí wọ́n bá fẹ́ rí ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, Ìkọ̀lé ni wọ́n ti lè rí i. Wọ́n sìn mí dé ibi ọkọ̀. Mo ti fẹ́ wọlé kí wọ́n tó tún la ẹnu.

“Ó ya Yèyé wa kó tó di pé wọ́n kú. Ó ní òun á tẹ̀ ẹ́ fún mi. Ṣé ó wà níbẹ̀?”

“Mo rí orúkọ rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. N kò tíì rí fọ́tò.”

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Ẹ̀gbọ́n fi yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, lọ́jọ́ ọjà, àwọn nìkan, nínú aṣọ ìsìn. Wọ́n fi àǹkáṣíìfù wé àpótí náà. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, iná kékeré ara rẹ̀ sì tàn. Mo tẹ orúkọ ìyá wọn. Kò ṣí. Kọ̀ǹpútà tún sọ ohun tó ti ń sọ, pé kò sí fáìlì bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wò mí. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, “O ní ó wà níbẹ̀.” Wọ́n na ọwọ́ sí wáyà bíi pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́.

“Ẹ dákun, Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó díẹ̀,” ni mo wí. Mo sáré lọ sábẹ́ máńgòrò, mo pe Ìbàdàn. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àgùnbánirọ̀ wa.

Ọmọbìnrin náà ní kí n padà síbi tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí n wo ohun tó wà nínú /media. Mo rí méjì níbẹ̀, disk àti disk-1. Ó bi mí bí wọ́n ṣe pa kọ̀ǹpútà náà lọ́jọ́ tí Bọ̀ọ̀dá ṣubú. Mo ní wáyà iná ni wọ́n fà yọ.

“Ó yé mi,” ó ní. “Ẹnikẹ́ni kò yọ àpótí bó ṣe yẹ. Orúkọ tó ń jẹ́ ṣì wà nílẹ̀, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ so ó padà lónìí, kọ̀ǹpútà rí i pé orúkọ yẹn ti lẹ́ni, ó wá fún un ní disk-1. Ibi àtijọ́ ni àwọn línkì ṣì ń lọ. Ẹ jẹ́ ká yọ èyí tó ṣófo kúrò, ká fi línkì kan ṣoṣo sípò rẹ̀, tí yóò máa darí lọ sí disk-1.”

Kọ̀ǹpútà béèrè páswọ́ọ̀dù kó tó gbà. Mo mọ̀ ọ́n, ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni. A pa fódà òfìfo náà rẹ́. Ó wá ní kí n tẹ ln, kí n fi àlàfo sí i, kí n tẹ -s, kí n wá kọ ibi tí nǹkan wà gan-an ṣáájú, kí n tó kọ orúkọ tí mo fẹ́ kí wọ́n máa fi pè é. Ó ní kí n ṣọ́ra kí n má ṣe é lódì. Mo tẹ̀ ẹ́, mo kà á fún un kí n tó fi ọwọ́ kan bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà kò fèsì kankan, ó kàn dúró.

“Ó ti parí,” ó ní. “Ẹ tún tò wọ́n wò.”

Gbogbo àwọn orúkọ pupa ti yí àwọ̀ padà. N kò fọwọ́ kan ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Mo tẹ ti ìyá wọn, ó sì ṣí.

Màmá náà jókòó lórí àga onígi níwájú ilé ní Ùsì, ìborùn rẹ̀ wà léjìká, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan bíi pé ẹnì kan ń pè é. Ẹ̀gbọ́n dìde. Wọ́n sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà títí èémí wọn fi ń kàn án.

“Yèyé mi,” wọ́n ní. Wọ́n tún un wí, wọ́n sì fi àǹkáṣíìfù yẹn nu ojú.

A wo fọ́tò lọ́jọ́ náà títí epo jẹnẹrétọ̀ fi tán. Ẹ̀gbọ́n rí àwòrán ara wọn níbẹ̀, nínú oko kòkó, pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Wọn kò mọ̀ pé àbúrò wọn ya àwọn. Wọ́n wá ní kí n fi ọkọ mi hàn wọ́n. Mo wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí orúkọ rẹ̀. Òun ló ń ya àwọn èèyàn, kò sẹ́ni tó ya òun.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, mo tú àpótí náà, mo gbé e fún wọn. Wọ́n dá ọwọ́ mi padà.

“Jẹ́ kó wà níbi tí uṣẹ́ rẹ̀ wà,” wọ́n ní. “Èmi, fọ́tò Yèyé nìkan ni kí o tẹ̀ fún mi.” Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi dígí àti igi sí i, mo gbé e lọ fún wọn ní Ùsì. Obìnrin Ọyẹ́ náà gba ti ìyá tirẹ̀. Ìsìnkú ti kọjá, ṣùgbọ́n ó ní ilé ni yóò gbé e kọ́ sí.

Àgùnbánirọ̀ wa wá kí mi ní Àjíǹde. Ó kìlọ̀ fún mi pé línkì kì í ṣe ẹ̀dà o, pé lọ́jọ́ tí àpótí náà bá kọṣẹ́, ọ̀kẹ́ àìmọye línkì kò ní lè mú fọ́tò kan padà wá. Ó ti ra hádì dísìkì mìíràn dání. A jọ jókòó láti ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀. Ẹnu ibẹ̀ la wà tó fi dá dúró.

“Àǹtí, fódà kan wà níbí tí kò ní línkì. Ẹ kò lè tíì rí i láti ojú kọ̀ǹpútà yín.”

Ó ṣí i. Ó wò ó díẹ̀, ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ ra omi.

Èmi ló kún inú rẹ̀. Èmi ń fọ aṣọ, èmi gbé ọmọ wa kejì sẹ́yìn, èmi níwájú ààrò, èéfín mú mi dijú. Púpọ̀ jù lọ ni ó yà láti ẹ̀yìn kọ́tìnì ṣọ́ọ̀bù, níbi tí mo ti dorí kodò sórí ìwé àwọn ọmọ. N kò gbọ́ ìró kámẹ́rà lọ́jọ́ kankan. Kì í ṣe ọkọ tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbogbo ọdún tí a fi gbé pọ̀, n kò mọ̀ pé ó ń wò mí tó bẹ́ẹ̀.

N kò ṣe iṣẹ́ fọ́tò náà pẹ́ lẹ́yìn náà. Àwọn ọ̀dọ́ dé pẹ̀lú irinṣẹ́ tó mú ju tèmi lọ, mo sì gbájú mọ́ iléèwé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ mi ti kó àwọn fọ́tò náà lọ sílé wọn. Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo gbé ojú sókè díẹ̀, bíi pé mo fẹ́ bi ẹnì kan léèrè nǹkan, pẹ́ẹ̀nì pupa sì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti sọ fún wọn pé òun ni kí wọ́n lò nígbà tí ọjọ́ mi bá pé.